Ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìròyìn ìjì àti rédíò ham ní Ilé-Ifẹ̀: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá

Ẹni tó bá ri irin gígùn mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó so wáyà mọ́ ọn, kó yáa múra àtidáhùn ìbéèrè. Àwọn kan á ní ṣé tẹlifíṣàn òkè òkun la fi ń wò. Àwọn mìíràn á ní ṣé kì í ṣe òun ló ń lé òjò lọ ní àdúgbò. Àwọn tí mo ń gbọ́ jù ni mo kó jọ síbí. Bí mo bá pẹ́ lórí ọ̀kan ju èkejì lọ, ẹ má bínú, ibi tí ọbẹ̀ bá ti dùn ni ọwọ́ máa ń pẹ́ sí.

Kí ni rédíò ham gan-an?

Rédíò tí èèyàn fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni, tí kò sí owó nínú rẹ̀. Lórí rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ ìròyìn, ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, gbogbo ìlú ń gbọ́. Lórí tiwa, ẹni tó gbọ́ náà lè dáhùn, ì báà wà ní Mọdákẹ́kẹ́, ì báà wà ní Jàpáànù. Kò gba káàdì, kò gba dátà, kò sí òpó ilé-iṣẹ́ kankan láàárín yín. Eré ìdárayá àtijọ́ sì ni: ọdún 1925 ni àwọn ẹgbẹ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Páríìsì tí wọ́n dá IARU, àjọ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ ham, sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn, 18 Oṣù Kẹrin, ni gbogbo ham lágbàáyé fi ń ṣe ọjọ́ wọn lọ́dọọdún.

Ṣé mo kàn lè ra wọ́kì-tọ́kì lọ́jà kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀?

Rárá o. Rírà kò ṣòro, àṣẹ ló ṣe kókó. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ náà ló sì ń bá orúkọ orí afẹ́fẹ́ wá, èyí tí àwa ń pè ní call sign. Ti Nàìjíríà máa ń fi 5N bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbọ́ yín ní Brazil ti mọ ilẹ̀ tí ohùn náà ti ń wá kí ẹ tó dárúkọ ìlú. Nigerian Amateur Radio Society, tí a ń pè ní NARS, ni ẹgbẹ́ àwọn ham fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí.

Nígbà tí ìwé bá sì dé, kì í ṣe gbogbo nǹkan lẹ lè ṣe pẹ̀lú rẹ̀. A kì í polówó ọjà, a kì í gbé orin sí i, a kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú àdììtú. Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín, afẹ́fẹ́ kò ní ilẹ̀kùn.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Fún Ifẹ̀ àti etí rẹ̀, wọ́kì-tọ́kì oníwáàtì 5 tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹdì mítà méjì, ìyẹn 144 sí 146 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, ti tó. Fún ọ̀nà jíjìn, ẹ ó nílò rédíò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, bátìrì ọkọ̀, àti wáyà. Wáyà báǹdì 40 mítà gùn tó nǹkan bí 20 mítà láti òpin kan dé èkejì (gígùn ìgbì ni 40 yẹn, ìdajì rẹ̀ ni wáyà). Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga tó nǹkan bí mítà márùn-ún ààbọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wáyà wa tó mẹ́rin irú rẹ̀ tí wọ́n tò síra wọn, ẹ wá rí ìdí tí àwọn aládùúgbò fi ń béèrè.

Ṣé dandan ni kí n mọ Morse, ìyẹn fífi ìró gígùn àti kúkúrú kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́?

Kì í ṣe dandan. Láti ọdún 2003 ni àpérò àgbáyé ti fi í sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti pinnu. Lójú tèmi, ọmọ ilé onílù kò yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀. Ìlù ni òun náà, gígùn àti kúkúrú nìkan ló ní, kò tilẹ̀ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀.

Ṣé mo lè sọ Yorùbá lórí afẹ́fẹ́?

Kí lẹ tún fẹ́ sọ? Yorùbá la fi ń ṣe ìpàdé orí afẹ́fẹ́ wa, àfi bí àlejò bá wọlé. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí ìwé òyìnbó kò ní kọ́ yín.

Àkọ́kọ́ ni iye. Nínú ariwo, bí ẹnì kan bá ní "ẹ̀tàdínláàádọ́ta", etí ẹni tó ń gbọ́ lè má mú ju "àádọ́ta" lọ, ni 47 bá di 50. Nítorí náà ẹyọ kọ̀ọ̀kan la fi ń pe nọ́ńbà: "mẹ́rin, méje". Bí a bá fẹ́ sípẹ́ẹ̀lì orúkọ ibì kan, ábídí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń gbà wá: A ajá, B bàtà, Ẹ ẹja, Ṣ ṣíbí. Èyí tí gbogbo ayé ń lò kò ní ẹ, ọ àti ṣ, ẹni tó bá fi í sípẹ́ẹ̀lì Òṣù fún yín yóò gbé yín lọ síbòmíràn.

Èkejì ni ohùn. Lórí FM, ohùn èèyàn ń jáde bó ṣe rí. Lórí SSB tí a fi ń bá ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, bí ẹ kò bá yí bọ́tìnnì dé ojú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á máa dún bíi pẹ́pẹ́yẹ, òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ á sì dà rú. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì á ṣì máa gbọ́ ara wọn lọ. Ní tiwa, igbá, igba àti ìgbà ti di ọ̀kan náà. Bàbá kan ń sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé òun ra igbá, ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbọ́ bá dáhùn pé, "Igba kí ni, sà?" Bọ́tìnnì kékeré kan ló fa gbogbo ẹ̀.

Kí ni ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ẹ máa ń ṣe?

Ẹ rántí eré bojúbojú. Ẹnì kan sá pamọ́, àwọn yòókù ń wá a. Ìyàtọ̀ tiwa ni pé ohun tó sá pamọ́ ń pariwo. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ láàárín wa á gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò sẹ́yìn àpáta tàbí sábẹ́ igi. Ẹ̀rọ yẹn ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló jẹ. Ẹsẹ̀ la fi ń ṣe é, ẹni tó bá gun ọ̀kadà ti yọ ara rẹ̀.

Ìdíje àgbáyé wà fún un. Àkọ́kọ́ wáyé ní Cetniewo, ní Pólàǹdì, lọ́dún 1980. Níbẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ márùn-ún ló máa ń wà nínú igbó, lórí ìkànnì kan náà. Èkíní á fi Morse ké fún ìṣẹ́jú kan, á dákẹ́, èkejì á gbà á, títí dé orí ìkarùn-ún, èkíní á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ ní ìṣẹ́jú kan láti fi mọ ibi tí ọ̀kan wà, kí ó tó tún lanu lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwa kì í ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Bátìrì ti gbówó lórí.

Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó wà?

Èyí tí kò gba kọ́bọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi han àlejò. Ẹ di wọ́kì-tọ́kì mú mọ́ àyà, kí èríàlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara. Ẹ wá máa yí lójú kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wo aṣọ tuntun nínú dígí. Ara èèyàn ń dí ìgbì lọ́nà. Ibi tí ohùn bá ti rì jù sínú ariwo "ṣììììì" ni kí ẹ dúró: kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà lẹ́yìn yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo kọ́ ní èyí kò tún fẹ́ fún mi ní rédíò mi mọ́.

Èyí tó dára jù ú lọ ni èríàlì onítọ́ka. Ẹ lọ ra tépù onírin tí káfíńtà fi ń wọn pákó, ẹ gé e sọ́nà mẹ́ta, kí èyí tó gùn jù lé díẹ̀ ní mítà kan, ẹ gé ti àárín sí méjì kí ẹ so wáyà mọ́ ọn, kí ẹ sì de gbogbo rẹ̀ mọ́ páìpù omi oníke. Irin tépù máa ń tẹ̀ bí ẹ bá gba àárín igbó, á sì tún na ara rẹ̀ bí ẹ bá jáde. Ibi tí ohùn bá ti lágbára jù ni iwájú rẹ̀ kọjú sí.

Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá sún mọ́ ọn. Ohùn náà á kún gbogbo ibi, ẹ yí sọ́tùn-ún, ó le, ẹ yí sósì, ó le, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń ké orúkọ yín mọ́ yín létí. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ sọ etí ara yín di etí ẹni tó jìnnà: ẹ yọ èríàlì kúrò, tàbí kí ẹ yẹ bọ́tìnnì díẹ̀ kúrò lójú ibi tó wà. Bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá wà lórí 145 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, ẹ lọ gbọ́ 435. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ nìyẹn, ó máa ń jò síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló sì wúlò.

Mo tẹ̀ lé èríàlì, mo dé ibẹ̀, kò sí nǹkan. Kí ló dé?

Òkè ni. Òkè ló yí Ifẹ̀ ká, ẹni tó bá sì rántí Òkè Ọrà nínú ìtàn Odùduwà mọ̀ pé kì í ṣe òní ni òkè ti ń ṣe iṣẹ́ níbí. Ìgbì rédíò máa ń kọlu àpáta, á sì ta padà, bí ohùn èèyàn ṣe ń ta padà. Ẹ ó máa lé gbohùngbohùn, ẹ ó rò pé onítọ̀hún lẹ̀ ń lé.

Ó ṣe mí rí nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Èríàlì mi ní òkè àpáta kan ni, kò sí àní-àní. Mo gùn ún, òógùn ń kán sí mi lójú, ẹ̀gún ya ṣòkòtò mi. Mo dé orí rẹ̀, mo yí padà, ohùn tún ní ìsàlẹ̀ ni. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kò tó igba ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà nítòsí ti rí ẹni tó gbé e síbẹ̀, ó kàn ń wò wá bí a ṣe ń sáré kọjá. Láti ọjọ́ náà, n kì í gba ọ̀rọ̀ ibì kan ṣoṣo gbọ́. Mo máa ń wo ọ̀kánkán láti ibi mẹ́ta, mo fa ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí máàpù, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni mo ń lọ.

Ṣé àwọn èèyàn kì í fura sí yín?

Wọ́n ń fura, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹ wo ẹni tó gbé irin tépù lọ́wọ́, tó ń tọ́ka sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá kan jáde sí wa lọ́nà Iléṣà, ó ti wé gèlè rẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ti títà! Ẹ sọ fún ẹni tó rán yín!" Ó rò pé sọ̀fíyọ̀ ni wá, tàbí àwọn ajagungbalẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé, kò gbà. Ìgbà tí a gbé etí rẹ̀ sí rédíò tó sì gbọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ké láti inú oko rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni inú tún bí i, nítorí a kò tọrọ ààyè. Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. A bẹ̀ ẹ́.

Nísinsìnyí, a máa ń rí baálẹ̀ tàbí alága àwọn onílé ṣáájú, a máa ń sọ fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, a sì máa ń lẹ ìwé mọ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pé ohun èlò eré ni, kì í ṣe ohun tó léwu. A kì í gbé e sínú ojúbọ tàbí igbó òrìṣà. Ifẹ̀ ni ibí, ẹ má dán an wò.

Kí ni ìròyìn ìjì, ta ló sì rán yín níṣẹ́?

Ẹnikẹ́ni kò rán wa. NiMet ló ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, àwa kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ohun tí ojú wa rí là ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ojú ọjọ́ wọn fúnra rẹ̀ ló ní ètò tí wọ́n ń pè ní SKYWARN, tí àwọn ará ìlú, àwọn ham pẹ̀lú, fi ń ròyìn ìjì fún un, nítorí ẹ̀rọ rédà kì í rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá.

Èyí tó jẹ́ tiwa gan-an rèé. Òjò oníjì ìhà ibí, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Ẹni tó dàgbà ní Ifẹ̀ mọ bó ṣe ń rí: ojú ọ̀run á ṣú lápá Iléṣà, atẹ́gùn tútù á kọ́kọ́ fẹ́, eruku á dìde, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ìlà ìjì gígùn ni, ó ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Iléṣà sí Ifẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà. Ẹ ṣírò ó: ohun tó bá dé Ẹrẹ́jà ní aago mẹ́rin lè dé Lágéré ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá wà ní Iléṣà, tó sì lanu sọ̀rọ̀, ti fún Ifẹ̀ ní ìdajì wákàtí. Ẹ lè kó kòkó kúrò lóòrùn láàárín ìdajì wákàtí. Ẹ lè pa fèrèsé iléèwé dé, ẹ lè ní kí ọmọ má tíì gun ọ̀kadà.

Kí lẹ máa ń sọ gan-an?

Ìgbà wo, níbo, kí lẹ rí, ṣé ojú yín ló rí i àbí ẹnì kan ló sọ fún yín. Ó tán. Mo yọ call sign kúrò nínú èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, àmọ́ báyìí ló ṣe máa ń lọ:

"Ifẹ̀, Ifẹ̀, Iléṣà ń pè."

"Iléṣà, Ifẹ̀ ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa wí."

"Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo wà. Ojú mi ni mo fi rí i: ìlà-oòrùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò, atẹ́gùn ń mi ẹ̀ka igi, kò tíì ṣẹ́ ẹ. Mànàmáná kọ, mo ka mẹ́ta, mẹ́fà kí àrá tó sán. Kìlómítà méjìlá nìyẹn. Mo fẹ́ yọ wáyà mi."

"A gbọ́. Mẹ́rin kọjá mẹ́jọ, ẹ̀ka ń mì, kò ṣẹ́, kìlómítà méjìlá. Ẹ yọ wáyà o, ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé."

"Mẹ́ta, mẹ́fà" yẹn ni ìṣẹ́jú àáyá 36. Ẹ ṣàkíyèsí pé Ifẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ sọ. Bí ó bá ṣi nǹkan kan gbọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti tún un ṣe. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ẹ̀gbọ́n kò ní "ìjì burúkú gbáà". Burúkú kì í ṣe ìwọ̀n. Igi la fi ń wọn atẹ́gùn: bó bá ń ṣẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ó ti kọjá 60 kìlómítà ní wákàtí, bó bá ń hú igi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó ti ń sún mọ́ 90 tàbí kó ti kọjá rẹ̀. Yìnyín náà, ẹ fi nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀ wọ̀n ọ́n: hóró àgbàdo, hóró ẹ̀pà, ẹyin. Bí ilé bá wó, ẹ sọ àdúgbò, ẹ má dárúkọ ẹni tó ni ilé. Ọmọ rẹ̀ lè wà lára àwọn tó ń gbọ́.

Wọ́kì-tọ́kì sábà máa ń kùnà láti Iléṣà dé Ifẹ̀ nítorí àwọn òkè àárín. Báǹdì 40 mítà la fi ń ṣe é lọ́sàn-án, pẹ̀lú wáyà tí a kò gbé ga púpọ̀. Ìgbì náà á gòkè tààrà, ojú ọ̀run á dá a padà, á sì bọ́ sórí wa bí ẹni ju bọ́ọ̀lù gba orí ògiri.

Ẹ kò bẹ̀rù àrá ni?

A bẹ̀rù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi yọ wáyà. Ẹ rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Bó bá ti di 30, kìlómítà mẹ́wàá ni: ẹ yọ wáyà èríàlì kúrò lára rédíò, ẹ jù ú síta, ẹ wọlé. Ẹ má jáde títí ìdajì wákàtí á fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà á dúró lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bóyá Ṣàngó ló ń bínú tàbí ìkùukùu ló ń fi ara gbo ara. Ẹni tó dúró sábẹ́ igi pẹ̀lú irin lọ́wọ́ ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹbọ lójú àwọn méjèèjì.

Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ náà lè ṣe nǹkan kan. Ẹ tan rédíò àtijọ́ sí AM, níbi tí kò sí iléeṣẹ́ kankan. Bí ó bá ń ta "kàà, kàà", mànàmáná ń kọ níbì kan, bí ojú ọ̀run yín tilẹ̀ mọ́ rekete.

Ṣé fóònù kò tó ni?

Ó tó, títí ọjọ́ tí kò ní tó. Bí ìjì bá dé, iná ọba á lọ, òpó fóònù á máa fi bátìrì gbé ara rẹ̀, gbogbo ìlú á sì máa pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. A ń lo WhatsApp bí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lórí WhatsApp, fọ́tò ìkún omi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn máa ń dé ṣáájú òjò òní. Lórí rédíò, mo mọ ohùn ẹ̀gbọ́n tó wà ní Iléṣà, mo sì lè bi í pé, "Ṣé ẹ rí i?"

Ṣé obìnrin àti ọmọdé lè dara pọ̀?

Àwọn ló ń gba kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ibo ló jìnnà jù tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè àwọn ọkùnrin nìyẹn. Jàpáànù, Brazil, ibi púpọ̀ ní Yúróòpù, nígbà tí oòrùn bá fún wa láàyè. Ọdún mọ́kànlá-mọ́kànlá ni agbára rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. A ti gbọ́ ibùdó tó wà lókè ọ̀run, ISS, lórí 145.800. Ó máa ń kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó sì wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Ọ̀nà tó gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ju ti Iléṣà lọ, kò sáà sí òkè láàárín.

Ẹ sọ òótọ́: ṣé èríàlì yín kò ń lé òjò?

Bó bá ń lé òjò ni, kí ló dé tí páànù ilé mi fi ń jò? Ìyá tó ń gbé ní ilé kejì sí mi ló kọ́kọ́ bi mí. Èlùbọ́ ló ń sá, orí tapólì ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó sì ti fi ẹ̀sùn kan wáyà mi fún ọdún kan gbáko. Ní Oṣù Kẹrin kan, mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n láti Iléṣà, mo fò jáde, mo ní, "Mọ́mì, ẹ palẹ̀ èlùbọ́ mọ́!" Oòrùn ń ràn ganrínganrín lórí wa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ń kùn. Òjò dé kí ó tó gbé agbọ̀n ìkẹyìn wọlé.

Kò tún bi mí nípa òjò mọ́. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣe bákan, á na ọrùn sókè ọgbà, á ní: "Kí ni Iléṣà wí?"